Orin wo ló ń pa yín lẹ́kún? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí àwo ìyá wa

Ọmọ Ẹlẹ́ja (Ẹ̀pẹ́)

Ẹ kú àṣálẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Oṣù tó ń bọ̀ ni àdúà ọdún kan ìyá wa, ọ̀rọ̀ kan sì ti pín àwa ọmọ sí méjì. Ìyá wa fi àwo kan sílẹ̀, àwo àkọ́kọ́ tí Sàláwà Àbẹ̀ní ṣe lọ́dún 1976, níbi tó ti dárò Ọ̀gágun Murtala Muhammed tí wọ́n yìnbọn pa nínú ọkọ̀ rẹ̀ l'Ékòó ní ọjọ́ 13 oṣù Kejì ọdún náà. Àbúrò mi obìnrin ní dandan ni ká gbé àwo yìí sí i lọ́jọ́ àdúà kí gbogbo ẹbí gbọ́ ọ. Bàbá wa ní bí ẹnikẹ́ni bá dán an wò, àwọn á dìde kúrò níbẹ̀. Èmi ni àkọ́bí, èmi ni wọ́n ń wò lójú.

Ó yẹ kí ẹ mọ ohun tí àwo yìí jẹ́ nílé wa. Ẹja ni ìyá wa ń yan tà lọ́jà Olúwo: àrọ̀, ọ̀bọ̀kún, ẹpìyà, èyí tí àwọn apẹja bá ṣáà ti gbé dé láti orí ọ̀sà. Ọmọ Ìjẹ̀bú Yésúfù ni Sàláwà, agbègbè Ẹ̀pẹ́ wa níbí náà ni, kò sì ju ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ nígbà tó ṣe àwo yẹn. Ẹgbẹ́ ni òun àti ìyá wa. Ìyá a máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ bíi pé àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ṣe é. Bí iná bá ti mú lábẹ́ ẹja, tí èéfín bẹ̀rẹ̀ sí í ta wọ́n lójú, ohùn wákà yẹn ni wọ́n máa fà yọ. Wọn kì í kọ ọ́ bó ṣe wà nínú àwo. Wọ́n á mú ìlà kan, wọ́n á fi orúkọ ẹni tiwọn rọ́pò orúkọ olóògbé: orúkọ ìyá wọn, orúkọ ọmọ tí wọ́n bí lé mi tí kò dúró, orúkọ ọ̀rẹ́ wọn tí ọkọ̀ ojú omi dànù. Àwa ọmọ ò mọ Murtala, àfi ojú rẹ̀ tí à ń rí lára ogún náírà. Ṣùgbọ́n kò sí òkú ìyá wa kan tí a ò mọ̀, nínú orin yẹn la ti mọ̀ wọ́n.

Ní báyìí, ibikíbi tí mo bá ti gbọ́ ọ, òórùn ẹja yíyan ló máa ń kọ́kọ́ bá mi, lẹ́yìn náà ni ẹkún á dé.

Ẹ̀yin ńkọ́? Orin wo ló ń ṣe yín bẹ́ẹ̀? Kí sì ni kí n ṣe sí ti bàbá wa?

Ìyá Ìbejì (Ìkòròdú)

Ẹ kú àfẹ́kù ìyá o, àbúrò mi. Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere.

Tèmi ni Ṣeun Rere, orin Christy Essien-Igbokwe tó jáde lọ́dún 1981. Ọjọ́ Àìkú ni ìyá mi máa ń dirun fún mi, màá wà láàárín itan wọn, rédíò á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Bí orin yẹn bá dé, ọwọ́ wọn á rọ̀ lórí mi. Ìgbà yẹn nìkan ni irun dídì kì í dùn mí. Ọmọ Ìbíbíò ni Christy, Yorùbá kọ́ ló bí i, ó sì fi èdè wa gba ọmọ nímọ̀ràn débi pé àwọn ìyá wa sọ ọ́ di ọmọ tiwọn. Nígbà tó kú ní oṣù Kẹfà ọdún 2011, inú bọ́ọ̀sì tó ń bọ̀ láti Máìlì 12 ni mo wà. Rédíò gbé orin náà sí i. Obìnrin kan níwájú gbè é, òmíràn lẹ́yìn gbè é, n kò mọ ìgbà tí èmi náà lanu. Kò sẹ́ni tó bá ẹnikẹ́ni jà lórí ṣéńjì lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀yìn àbúrò yín ni mo wà. Ẹ gbé e sí i.

Àfáà Pápá (Ẹ̀pẹ́)

Àsàlámù àlékùm. Ẹ má bínú sí mi, n kò sí lẹ́yìn ìyẹn. Ọjọ́ àdúà, àdúà ni ká ṣe fún òkú. Kùránì la ó ké, sàráà la ó ṣe. Bí wákà bá ti wọ̀ ọ́, kò ní pẹ́ tí onílù á fi dé, àwọn kan á dìde jó, owó á máa fò, a ó sì gbàgbé ẹni tí a torí rẹ̀ péjọ. Ẹ lu àwo yín lọ́jọ́ mìíràn.

Ẹ̀gbọ́n Onílù (Ẹ̀pẹ́)

Àfáà, ẹ ṣeun, mo fara mọ́ ti sàráà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká rántí pé ọwọ́ àwọn ìyá wa tó jẹ́ Mùsùlùmí ni wákà ti jáde. Òun ni wọ́n fi ń pàdé ẹni tó ti Mẹ́kà dé, òun ni wọ́n fi ń ṣọdún, kó tó di ohun tí wọ́n ń gbé sínú àwo. Fújì náà ńkọ́? Inú ààwẹ̀ ni wọ́n ti bí i. Ìdí orin wéré, orin ajísààrì tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń jí wa lóru, ni Síkírù Àyìndé Barrister ti gbéra kó tó sọ ọ́ ní fújì.

Ibẹ̀ gan-an ni orin tèmi wà. Ẹ̀gbọ́n mi tí mo tẹ̀ lé ni olórí ajísààrì ládùúgbò wa ní Òkè-Balógun. Bí aago mẹ́ta òru bá ti ń sún mọ́, ohùn rẹ̀ á ti òkèèrè bọ̀, agogo níwájú, ìlù lẹ́yìn. Bó bá dé ẹnu ọ̀nà wa, á ki ìyá wa, ìyá á sì dá a lóhùn láti ìdí ààrò, wọ́n á ní, “Ọmọ mi, mo ti jí o!” Gbogbo ilé á rẹ́rìn-ín torí gbogbo wa mọ̀ pé wọ́n ti jí tipẹ́, wọ́n kàn ń dúró dè é ni. Ẹ̀gbọ́n mi wọṣẹ́ ológun, ó lọ, kò padà wálé mọ́. Di bí mo ṣe ń wí yìí, bí ọmọ kékeré kan bá gbé ohùn wéré sókè lóru Ramadan, orí mi á wú, ara mi á bù máṣọ. Màá yọjú wo ìdí ààrò. Ìyá á ti dáwọ́ ọbẹ̀ rírò dúró, ọmọrogùn á wà lọ́wọ́ wọn, wọn kò ní sọ nǹkan kan títí àwọn ọmọ yẹn á fi kọjá.

Mo ti lu ìlù níbi ìnáwó tí kò lóǹkà, kò sí olórin kankan tó tíì ṣe mí bẹ́ẹ̀ rí.

Àbíkẹ́ (Èbúté Mẹ́ta, ọmọ Ẹ̀pẹ́)

Orin tèmi kò sí lórí rédíò, kò sí nínú àwo. Ìyá mi ló fi ń rẹ̀ mí lẹ́kún:

*Ọ̀sà ń lọ, ọ̀sà ń bọ̀,*
*Ọmọ mi ò ní bá ọ̀sà lọ.*
*Ẹja ń sinmi, ẹyẹ ti wọlé,*
*Àbíkẹ́ mi, sùn, ilẹ̀ ti ṣú.*

Mo ti bímọ báyìí. Mo fẹ́ kọ ọ́ fún un, mo dé ìlà tó kẹ́yìn, n kò lè fi orúkọ ọmọ mi sí i. Ẹnu mi kọ̀. Ìyá yín ní agbára tí èmi ò ní, Ọmọ Ẹlẹ́ja. Àbíkẹ́ náà ni mò ń pè títí ọmọ á fi sùn.

Nọ́ọ̀sì Ayétòrò (Ẹ̀pẹ́)

Àwọn tí àrùn rọpárọsẹ̀ dá dùbúlẹ̀ ni mo sábà ń tọ́jú. Bàbá kan wà lọ́dọ̀ wa nígbà kan tí ọ̀rọ̀ ti gbé mọ́ lẹ́nu pátápátá. Ó fẹ́ omi, kò lè sọ pé omi. Á nawọ́, á bínú, á sunkún. Lọ́jọ́ kan, ọmọ rẹ̀ obìnrin ń nu ara fún un, ó ń kọ orin sákárà kan lábẹ́ ètè, ni bàbá bá gbè é. Ọ̀rọ̀ ń jáde geere, ìlà dé ìlà. Ọmọ náà figbe ta, a sáré wọlé, a rò pé ọlọ́jọ́ ti dé.

Ó nídìí. Lára ọ̀pọ̀ èèyàn, apá òsì ọpọlọ ni ọ̀rọ̀ sísọ pọ̀ sí. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé ibẹ̀, ọ̀rọ̀ á dákẹ́. Orin kì í gbé apá kan ṣoṣo, apá ọ̀tún náà ń bá wọn gbé e. Láti ọdún 1973 ni àwọn onímọ̀ kan ní Boston, l'Amẹ́ríkà, ti gbé ìtọ́jú kan jáde lórí èyí: wọ́n á fi ohùn orin pe gbólóhùn kékeré, aláìsàn á máa pè é tẹ̀ lé wọn, wọ́n á sì máa fi ọwọ́ òsì rẹ̀ lu nǹkan jẹ́jẹ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń jáde, títí yóò fi lè sọ ọ́ láìkọ ọ́ lórin mọ́.

Èyí tó wá kan ẹkún wa ni pé lọ́dún 2011, àwọn olùwádìí ní Montreal, ní Kánádà, yẹ ọpọlọ àwọn èèyàn wò bí wọ́n ṣe ń gbọ́ orin tí ara wọn máa ń bù máṣọ sí. Wọ́n rí i pé ọpọlọ wọn ń tú dopamine jáde, èròjà kan náà tó ń jáde nígbà tí èèyàn bá jẹ oúnjẹ tó wù ú. Kì í sì í ṣe ìgbà tí ibi tó dùn jù bá dé nìkan ló ń jáde. Bí orin bá ṣì ń bọ̀ lọ́nà ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Ara mọ ohun tó ń bọ̀. Èyí ló jẹ́ kí n gba Ẹ̀gbọ́n Onílù gbọ́ pé ìyá wọn á ti dáwọ́ ọbẹ̀ dúró nígbà tí àwọn ọmọ yẹn ṣì wà lókèèrè.

Ohun mìíràn: orin tí èèyàn gbọ́ láàárín nǹkan bí ọmọ ọdún 10 sí 30 ló máa ń fa ìrántí jáde jù. Ọmọ Ẹlẹ́ja, ẹ ṣírò ọjọ́ orí ìyá yín ní 1976. Kí ẹ wá ṣírò ti bàbá yín pẹ̀lú. Ẹ̀yin àti àbúrò yín ń sọ ti èéfín ẹja, ṣùgbọ́n bàbá ti mọ ìyá yín kí wọ́n tó bí yín. Ṣé ẹnikẹ́ni ti bi wọ́n léèrè ìdí tí wọn kò fi fẹ́?

Akọrin Ìjọ (Ìkòròdú)

Ìbéèrè nọ́ọ̀sì yìí ṣe pàtàkì. Ẹ bi bàbá.

Nínú ìjọ wa, “Wá bá mi gbé, alẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ lẹ́ tán” ni tèmi. Àlùfáà òyìnbó kan, Henry Francis Lyte, ló ni ín. Ikọ́ ẹ̀gbẹ ló pa á ní oṣù Kọkànlá ọdún 1847. Láti ìgbà tí a ti fi orin yẹn sin bàbá mi, n kò kọ ẹsẹ̀ tó kẹ́yìn rẹ̀ dópin rí. Màá dìde, màá ṣí ìwé orin, ohùn kò ní jáde.

Ṣùgbọ́n ẹkún kan tún wà tó yàtọ̀ sí ìyẹn. Ọ̀pọ̀ orin tí àwọn míṣọ́nnárì fi lé wa lọ́wọ́, ohùn òyìnbó ni wọ́n fi wọ ọ̀rọ̀ Yorùbá. Ohùn náà á gbé ọ̀rọ̀ sókè níbi tó yẹ kó lọ sílẹ̀, a ó kàn máa kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti, bàbá bàbá Fẹlá, wà lára àwọn tó fi ohùn ilẹ̀ wa ṣe orin ìyìn, ó sì gbé orin rẹ̀ sínú àwo ní London lọ́dún 1922. Bí àwọn ìyá àgbà ìjọ wa bá gbé orin ohùn ilẹ̀, tí wọ́n ń jó bọ̀ láti ẹnu ọ̀nà, omi á bọ́ lójú mi pòròpòrò. Ti orin òyìnbó yẹn, mo mọ̀ pé bàbá mi ni mò ń sunkún. Ti èyí, n kò lè dárúkọ ẹni kan.

Ọmọ Àgbádárìgì

Ó yé mi dáadáa, Akọrin. Ògù ni wá, àwọn tí ẹ̀yin Yorùbá ń pè ní Ègùn. Bàbá mi àgbà ní orin kan tó máa ń kọ lédè wa bó bá ń tún àwọ̀n ṣe. Yorùbá ni wọ́n fi tọ́ àwa, n kò gbọ́ Ògù jinlẹ̀. Lọ́jọ́ ìsìnkú rẹ̀, àwọn obìnrin ilé wa gbé orin náà, mo sunkún débi pé wọ́n mú mi jáde, n kò sì mọ ìdajì ohun tí wọ́n ń wí. Lẹ́yìn náà ni àǹtí mi àgbà túmọ̀ rẹ̀ fún mi: apẹja kan ló ń bẹ ìyàwó rẹ̀ pé kó má tíì pa iná, òun ń bọ̀. Bàbá mi àgbà ti ṣe opó fún ìgbà pípẹ́ kí wọ́n tó bí mi. Mo tún bẹ̀rẹ̀ ẹkún láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọmọ Èkó-Ẹ̀pẹ́ (Ìlú Ọba)

Kò sí èyí tó lè ṣe mí bíi orin Káyọ̀káyọ̀. Fún ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ará ibẹ̀: nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, Ọba Kòsọ́kọ́ àti àwọn èèyàn rẹ̀ sá kúrò, wọ́n wá tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́. Òun padà sí Èkó ní 1862, ọ̀pọ̀ èèyàn rẹ̀ sì dúró. Ọmọ wọn ni wá. Lẹ́yìn Iléyá la máa ń ṣe Káyọ̀káyọ̀ láti fi rántí ìgbà náà. Lọ́dún kan tí ìsinmi kò bọ́ sí i fún mi, ìyá mi àgbà na fóònù sí ojú fèrèsé bí èrò ṣe ń kọjá lọ. Ohùn ń já, ó ń padà. Mo gbọ́ orin ẹgbẹ́ wa, mo gbọ́ ohùn ẹni tí mo mọ̀ láàárín èrò. Orí àtẹ̀gùn ibi iṣẹ́ ni mo jókòó sí, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn mi, mo ń sunkún. Òyìnbó kan béèrè bóyá wọ́n tufọ̀ fún mi ni. Mo ní rárá, wọ́n ń ṣọdún nílé ni.

Ọmọ Ẹlẹ́ja

Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Nọ́ọ̀sì, mo bi bàbá lálẹ́ àná.

Wọn kò kọ́kọ́ dáhùn. Wọ́n bọ́ fìlà, wọ́n gbé e lé orúnkún. Wọ́n wá ní, “Ta lo rò pé ó ra àwo yẹn?” Gbogbo wa nílé ló gbà pé ìyá ló rà á. Àṣé bàbá ni. Owó àkọ́kọ́ tí wọ́n gbà nídìí iṣẹ́ káfíńtà ni wọ́n fi rà á, bẹ́ẹ̀ wọn ò ní ẹ̀rọ tí wọ́n á fi lù ú. Ilé bàbá ìyá wa ni ẹ̀rọ wà. Wọ́n gbé àwo náà lọ síbẹ̀, wọ́n fi sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá fẹ́ rí ọmọbìnrin yẹn, wọ́n á lọ kí bàbá rẹ̀, wọ́n á ní àwọn wá gbọ́ àwo àwọn.

Bàbá àgbà á jókòó sáàárín wọn, á dijú, kò sì ní sùn. Wọn kò lè bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ìhà kan àwo kì í pẹ́ tán, ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ dìde lọ yí i padà. Ìyá wa ló máa ń dìde. Á gba iwájú bàbá wa kọjá lọ sídìí ẹ̀rọ, á tún gba ibẹ̀ padà. Gbogbo àyè tí wọ́n ní nìyẹn.

Bàbá ní, “Gbogbo ayé gbọ́ ikú Murtala nínú àwo yẹn. Èmi, ẹsẹ̀ ìyá yín ni mò ń gbọ́. Ẹ fẹ́ kí n jókòó sínú gbọ̀ngàn, kí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n máa jó sí i, kí wọ́n máa lẹ owó mọ́ mi níwájú orí?”

Mo pe àbúrò mi, mo sọ fún un. Ó pẹ́ kó tó lè sọ̀rọ̀. A ti fẹnu kò báyìí: ọjọ́ àdúà, àdúà ni, bí Àfáà ṣe wí. Alẹ́ tó ṣáájú rẹ̀, bàbá àti àwa ọmọ nìkan, nínú pálọ̀, a ó lu àwo náà ní ìhà méjèèjì. Àbúrò mi ní òun ni yóò dìde yí i padà. Bàbá gbà.

Wàhálà tó kù ni pé àwo náà ń fò níbì kan, èéfín àti eruku ti jẹ ẹ́ lára. Ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni mọ ohun tí a lè ṣe?

Ìyá Ìbejì

Mo yí ìmọ̀ràn mi padà. Ẹ ṣe é bí bàbá ṣe fẹ́ gẹ́lẹ́. Ẹ bá mi kí wọn.

Àfáà Pápá

Ọlọ́hun á gba àdúà, á fi àlùjáńnà ṣe ilé ìyá.

Bàbá Alátùn-únṣe (Ìkòròdú)

Rédíò àti ẹ̀rọ àwo ni mò ń tún ṣe láti ìgbà èwe mi. Ẹ má tíì fi abẹ́rẹ́ kankan kàn án o. Ẹ kọ́kọ́ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá eruku kúrò. Ẹ ra omi bátìrì, èyí tó mọ́ lóló, kì í ṣe ásíìdì, kí ẹ kán ọṣẹ olómi bí ẹ̀kán kan sí i. Aṣọ rírọ̀ tí kò ní fọ́nrán ni kí ẹ fi nù ún, kí ẹ máa tẹ̀ lé ojú ìlà àwo yíká, ẹ má ṣe nù ún gba àárín kọjá. Omi kò gbọdọ̀ kan bébà àárín. Ẹ tún fi omi bátìrì nìkan nù ún lẹ́ẹ̀kejì, kí ẹ nà án dúró lábẹ́ òjìji títí yóò fi gbẹ. Oòrùn á ká a kò.

Ẹ ra abẹ́rẹ́ tuntun. Abẹ́rẹ́ tó ti gbó ló ń bẹ́ ojú ìlà. Irú àwo ńlá bẹ́ẹ̀, 33 ni kí ẹ yí ẹ̀rọ sí, kì í ṣe 45. Bó bá ṣì ń fò, ẹ má ṣe gbé owó ẹyọ lé apá ẹ̀rọ bí àwọn kan ṣe máa ń ṣe, yóò jẹ àwo náà wọra. Ẹ wá okùn tó ń ti ẹ̀yìn ẹ̀rọ wọ kọ̀ǹpútà, kí ẹ fi gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ má ṣe gbé fóònù síwájú sípíkà. Ẹ ṣe gbogbo èyí kí ọjọ́ tó pé, kó má lọ jẹ́ pé ojú bàbá ni yóò ti há.